Èwo Ló Yẹ Yín Nínú Ọkọ̀ Onígi Àtijọ́: Thornycroft, Silver, Rampart àbí Fairey?

Ọkọ̀ ojú omi onígi àtijọ́ kò ṣòroó rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pọ̀ lórí odò Thames, wọ́n pọ̀ ní agbègbè Southampton àti ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Skọ́tíláǹdì. Òmíràn ń kọ mànà bíi dígí. Òmíràn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú ẹrẹ̀, olówó rẹ̀ á sì ní kí ẹ kàn san pọ́n-ùn kan kí ẹ bá òun gbé e kúrò nílẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tọrẹ yẹn ló sábà máa ń gbówó lọ́wọ́ ẹni jù.

Irú ọkọ̀ tí à ń sọ níbí ni èyí tí ẹ́ńjìnì ń gbé rìn, tí kì í ṣe aláṣọ ìgbòkun, tó ní yàrá tí ènìyàn lè sùn sí, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí gígùn rẹ̀ sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 23 sí 50. Láàárín 1920 sí 1970 ni wọ́n kan púpọ̀ nínú wọn, kí fáíbà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà. Orúkọ mẹ́rin la ó gbé ka orí ìwọ̀n: Thornycroft ti odò Thames, Silver ti Skọ́tíláǹdì, Rampart ti Southampton, àti Fairey ti Hamble. A ó kàn fẹnu ba ẹ̀karùn-ún, ìyẹn Grand Banks tó ti Hong Kong wá.

Àwọn olùtajà fẹ́ràn láti máa fi orúkọ ẹni tó kan ọkọ̀ yangàn. Orúkọ yẹn wúlò lóòótọ́, àmọ́ fún ìdí mìíràn ni: òun ló ń tọ́ka sí irú igi tí wọ́n lò àti ohun tí wọ́n fi so ó pọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn ti mọ ibi tí ọkọ̀ náà yóò ti kọ́kọ́ jẹrà.

Igi ọ̀hún gan-an kò ṣàjèjì sí wa. Ìrókò tí àwọn àgbà wa kì í gé láì ṣètùtù, "iroko" náà ni àwọn káfíńtà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é títí dòní. Wọn kò wá orúkọ mìíràn fún un. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń ri òpó èbúté mọ́lẹ̀. Ọ̀gànwó wà lára ohun tí wọ́n ń tà ní mahogany Áfíríkà, Sapele sì ti jẹ́ orúkọ ìlú ní agbègbè Delta kó tó di orúkọ pákó.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Omi tí ẹ fẹ́ máa rìn ni àkọ́kọ́. Ní òkè Teddington, níbi tí omi òkun kì í ru dé lórí Thames, eré tí òfin gbà kò ju kìlómítà 8 ní wákàtí kan lọ, bí ẹni tó ń yára fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 300 kò lè fi ìkankan ṣe fáàrí níbẹ̀ lára èyí tó ní 40. Gíga ọkọ̀ ló wá ṣe pàtàkì jù. Afárá Osney ní Oxford kò gbà ju ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íńṣì 6 lọ, nǹkan bíi mítà 2.28, ọkọ̀ tí yàrá awakọ̀ rẹ̀ bá ga jù bẹ́ẹ̀ yóò ṣẹ́rí padà níbẹ̀ ni. Afárá àtijọ́ Potter Heigham ní Norfolk tún rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ẹ fúnra yín fi téèpù wọn ọkọ̀ láti ojú omi dé ibi tó ga jù tí kò ṣeé tú, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó gbọ́.

Eré tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí rogodo, tó ń la omi kọjá láì gun orí rẹ̀, gígùn rẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe lè sáré tó. Ká ní gígùn rẹ̀ lójú omi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36. Iye tí a sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ tó fi di 36 ni 6. Ẹ fi 1.34 sọ 6 yẹn di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 8. Knot 8, ìyẹn máìlì òkun 8 ní wákàtí kan, ni òpin eré rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ́ńjìnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀, ìgbì tó ń fà lẹ́yìn ló máa ga sí i, epo ló sì máa jó. Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú bíi lẹ́tà V, tó ń gun orí omi, kò sí lábẹ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n epo ló ń fi san án.

Ẹ fi èyí ṣírò epo: ẹ́ńjìnì dísù ń jẹ nǹkan bíi lítà 1 ní wákàtí kan fún agbára ẹṣin 5 tó bá ń lò. Ọkọ̀ rogodo tó ń lo agbára ẹṣin 30 láti rìn ní knot 7 yóò jẹ lítà 6 ní wákàtí kan, kò tó lítà 1 fún máìlì òkun kan. Èyí tó ń sáré ní knot 20 pẹ̀lú agbára ẹṣin 250 yóò jẹ lítà 50 ní wákàtí kan, ìyẹn lítà 2 àti ààbọ̀ fún máìlì kan náà. Ìlọ́po mẹ́ta ni.

Owó ọdọọdún ṣe pàtàkì ju owó ìrà lọ nínú ọ̀ràn yìí. Gígùn ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ibi ìgúnlẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣírò owó gbígbé e jáde nínú omi, òun ni amòye tó ń yẹ ọkọ̀ wò sì fi ń dá iye rẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ọkọ̀ kì í pọ̀ sí i bí gígùn nìkan ṣe ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 45 fi ìdajì gùn ju ti 30 lọ. Bí wọ́n bá rí bákan náà, ìwúwo rẹ̀ á ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Igi, ọ̀dà àti wákàtí iṣẹ́ á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ onígi fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má kọjá ẹsẹ̀ bàtà 35.

Èyí tó kù ni ohun tó so pákó mọ́ egungun ọkọ̀, ibẹ̀ la sì ti fẹ́ dúró díẹ̀.

Ibi tí ọkọ̀ onígi ti ń bàjẹ́

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kan púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí nìyí: kíìlì, igi gbọ̀ọ̀rọ̀ tó gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí, egungun ìhà tí wọ́n fi igi óákù ṣe, tí wọ́n fi ooru omi tẹ̀ kọrọdọ nígbà tó ṣì gbóná, pákó tí wọ́n tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lé egungun náà lórí, òwú tí wọ́n fi síṣẹ́lì gbá sí àárín pákó kan àti èkejì, pọ́tì lórí òwú, ọ̀dà lórí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí pákó bá mu omi, á wú, á fún òwú yẹn pa, omi kò sì ní wọlé mọ́.

Ìṣó bàbà tí wọ́n gbá kọjá tí wọ́n sì lù lórí lẹ́yìn ló ń pẹ́ jù. Sìkírúù bronze tẹ̀ lé e. Sìkírúù idẹ kò dára rárá lábẹ́ omi: iyọ̀ á fa síńkì inú rẹ̀ jáde, á pupa fòò bíi ọ̀tun bàbà, á sì kán bíi bisikíìtì. Ti irin ló burú jù nítorí pé omi kíkan inú igi óákù ń jẹ irin, irin tó ń dípẹtà náà sì ń jẹ igi padà. Ẹ ó rí àbàwọ́n dúdú yí orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ká. Kì í ṣe ojú ni a fi ń mọ èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí amòye yọ mẹ́rin tàbí mẹ́fà jáde ní oríṣiríṣi ibi lábẹ́ ojú omi, pẹ̀lú bóòtù kíìlì kan ó kéré tán. Olùtajà tí kò bá gbà kí wọ́n yọ ọ́ ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi òkun ló ń jẹ igi ọkọ̀. Omi òjò ni. Omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú tó ń jẹ igi rí ààyè, ṣùgbọ́n òjò tó bá gba igun fèrèsé wọlé, tó sún mọ́ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó ti ríbi jókòó nìyẹn. Nítorí náà, òkè lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò: igun fèrèsé, ibi tí dẹ́ẹ̀kì ti pàdé ẹ̀gbẹ́, orí igi iwájú, igun méjèèjì pákó ìdí ọkọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn òòlù kékeré kàn án. Igi tó yè á dún gbàn-ìn. Èyí tó ti kú á dún pùtù.

Síńkì tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí irin má bàa jẹ lè pa ọkọ̀ onígi bó bá pọ̀ jù. Iná kékeré tó ń ṣàn láti ara rẹ̀ ń sọ omi tó yí irin ká di bíi omi eérú, èyí sì ń jẹ igi títí á fi funfun tó sì rí bùlọ̀bùlọ̀ bíi òwú. Ẹ wo inú ọkọ̀, ní ìdí gbogbo ihò tí páìpù gbà jáde.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà bò lórí pákó àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Igi ń wú, ó ń sún kì. Fáíbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi á há sí àárín wọn, amòye kò sì ní lè rí ohunkóhun.

Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á là. Ẹ má ṣe fi ohun líle dí i kí ó tó wọ omi; nígbà tí pákó bá wú tí kò ríbi lọ, egungun ni yóò ṣẹ́. Pọ́tì rírọ̀ ni kí ẹ lò, ẹ gbé e wọ omi pẹ̀lú pọ́ǹpù méjì tó ní iná láti èbúté, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ọ. Ó lè gba ọjọ́ méjì, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó fún ara rẹ̀ pa.

Thornycroft

John Isaac Thornycroft dá àgbàlá ìkanọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Chiswick ní 1866. Òun ló kan HMS Lightning ní 1876, ọkọ̀ kékeré tó ń yin tọpídò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1904 iṣẹ́ ńláńlá kó lọ sí Woolston ní Southampton, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kéékèèké ṣì ń jáde láti Platt's Eyot, erékùṣù kan nínú Thames ní Hampton. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn láàárín ogun àgbáyé méjèèjì ti wá, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tí wọ́n fúnra wọn rọ. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ Vosper ní 1966. Iná jó àwọn ilé ìkanọkọ̀ àtijọ́ tó wà ní erékùṣù náà ní oṣù karùn-ún 2021.

Ọkọ̀ odò ni wọ́n: wọ́n tín-ín-rín, wọ́n rẹlẹ̀, wọn kì í ru omi sókè, wọ́n sì rọrùn láti gbà kọjá ìlẹ̀kùn omi. Mahogany tàbí tíìkì lórí óákù ni. Àwọn kan nínú wọn ní awọ méjì, ìyẹn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìdábùú lọ́nà méjì tó kọ ara wọn, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n rẹ sínú òróró láàárín. Kò sí òwú láti gbá, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún aṣọ yẹn ti di eruku. Omi tó bá wọ àárín awọ méjèèjì lè jáde ní ibi tó jìnnà sí ibi tó gbà wọlé, ẹ kò sì lè pààrọ̀ pákó kan láì ṣí mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ tó ń jò, iṣẹ́ náà tóbi ju bó ṣe rí lójú lọ.

Bí ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, epo bẹntiróòlù ló sábà máa ń lò. Oru tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń jókòó sí ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ fi imú gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó tan ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ti pààrọ̀ rẹ̀ sí dísù BMC tàbí Perkins 4.108 tó ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 47 wá. Ẹ ó ṣì rí ẹ̀yà ara Perkins yìí rà. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì ìbílẹ̀ rẹ̀ ń gba ìyìn ní àpéjọ. Èyí tó ní dísù ló ń mú yín délé. Lórí Thames òkè, ẹ ó nílò ìwé ẹ̀rí ààbò tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, gáàsì àti wáyà iná sì ni ọkọ̀ àtijọ́ sábà máa ń tìtorí rẹ̀ kùnà.

Silver

Rosneath, lẹ́bàá Gareloch ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tíláǹdì, ni àgbàlá James A. Silver wà. Ẹni tó sọ orúkọ náà di ńlá ni John Bain, tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ tó sì tún jẹ́ ayàwòrán ọkọ̀ wọn. Brown Owl wà lára àwọn irú ọkọ̀ tó yà ní àwọn ọdún 1930. Òkun tó wà níwájú ilé wọn ló kọ́ wọn níṣẹ́: afẹ́fẹ́ líle, ìgbì kúkúrú, òjò tí kì í dá. Ọkọ̀ wọn jinlẹ̀, iwájú rẹ̀ ga, yàrá awakọ̀ rẹ̀ ní òrùlé, kì í sì í ju ènìyàn kiri púpọ̀ nínú ìgbì.

Igi páínì olóje ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe pákó rẹ̀ lórí óákù. Oje yẹn kì í jẹ́ kí omi tètè wọ̀ ọ́, ó wúwo, ó sì ń pẹ́. Ẹ má fi ti pé kò dán bíi mahogany kẹ́gàn rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà funfun kò sẹ́ni tó mọ̀. Egungun rẹ̀ ni kí ẹ wò. Níbi tí ikùn ọkọ̀ ti yí kọrọdọ, óákù tí wọ́n tẹ̀ níjọ́sí máa ń ṣẹ́, nígbà míì mẹ́wàá lórí ìlà kan. Kì í ṣe ọ̀ràn ikú. Wọ́n lè fi egungun tuntun ti èyí tó ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá gùn ún kọjá ibi tó ṣẹ́ dáadáa lókè àti nísàlẹ̀. Ìrókò kò ṣeé lò fún èyí: kì í tẹ̀ lábẹ́ ooru bíi óákù. Ibi tí ìrókò ti wúlò ni kíìlì, ìtí abẹ́ dẹ́ẹ̀kì àti etí ọkọ̀. Káfíńtà yín yóò sì ráhùn, nítorí òkúta ẹfun kan máa ń wà nínú ìrókò tó ń ba ẹnu ayùn jẹ́, eruku rẹ̀ sì ń yún ọ̀fun. Kó wọ ìbòmú.

Ẹ́ńjìnì méjì kéékèèké ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé yín wọlé. Knot 7 ni ìrìn rẹ̀, epo díẹ̀ ni, ènìyàn mẹ́fà lè sùn sínú èyí tó tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ sí Oxford. Òkè rẹ̀ ga jù.

Rampart

Àgbàlá ìdílé Desty ni Rampart, lẹ́bàá odò Itchen ní Southampton. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ogun kejì tó dé, wọ́n sì ń fi igi kan ọkọ̀ nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn ti ń da fáíbà. Mahogany lórí óákù ni, ẹ́ńjìnì dísù méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, yàrá wà níwájú àti ní ẹ̀yìn, àyè ìjókòó sì wà ní àárín. Ní ti ká gbé ìdílé sínú ọkọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, òun ló mọ́gbọ́n wá jù nínú gbogbo wọn: ìdáná tí ènìyàn lè dúró sí, ibùsùn tí àwọn òbí lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Wọ́n tún kéré lọ́jọ́ orí, èyí tó túmọ̀ sí pé wáyà àti páìpù wọn kò tíì di àkísà tán.

Òkè rẹ̀ ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ogun, ti Rampart náà sì wà lára wọn, ni wọ́n lo plywood fún òrùlé àti dẹ́ẹ̀kì wọn. Plywood tí omi bá gba etí rẹ̀ wọlé á wú, á pín sí awẹ́awẹ́, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i ju kí ó gé e kúrò lọ. Àtúnṣe òrùlé kò le bíi ti abẹ́ ọkọ̀, ẹni tó mọwọ́ ayùn lè ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ìgbà òtútù kan gbáko lábẹ́ àgọ́. Bí ẹ bá rí fáníìṣì tó ti dúdú ní abẹ́ fèrèsé, omi ti wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Fáníìṣì tuntun ń fẹ́ ìpele mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí igi tí wọ́n ha mọ́, lẹ́yìn náà ìpele méjì lọ́dọọdún. Ọdún kan tí ẹ bá fò ni yóò dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kò ní ìtàn ńlá tó ń gbé owó lé orí rẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń rà.

Fairey

Èyí yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ogun kejì, iléeṣẹ́ tí Richard Fairey ń fi ṣe ọkọ̀ òfurufú ní ìmọ̀ ìlẹ̀pọ̀ igi tí ogun fi lé wọn lọ́wọ́, ó sì dá Fairey Marine sílẹ̀ ní Hamble. Pákó tín-ín-rín bíi ike tó nípọn ni wọ́n ń tò ní ìdábùú lórí ère ọkọ̀, ìpele lórí ìpele pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, wọ́n á wá fi rọ́bà bò ó, wọ́n á tì í sínú ìkòkò irin ńlá kan, wọ́n á sì fi ooru omi sè é títí gọ́ọ̀mù á fi gan. Pákó tí wọ́n lò jù ni agba, láti inú igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi kọ́kọ́ ṣe àwọn ọkọ̀ kékeré aláṣọ ìgbòkun bíi Firefly tí wọ́n fi díje ní Olympics 1948. Nígbà tó yá, Alan Burnard mú ìsàlẹ̀ onílẹ́tà V tí Raymond Hunt ará Amẹ́ríkà hùmọ̀, ó sì fi ya Huntress ẹsẹ̀ bàtà 23, Huntsman 28 àti 31, àti Swordsman 33. Ìdíje láti Cowes dé Torquay, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ni wọ́n ti di olókìkí.

Kò sí ojú ìsopọ̀, kò sí òwú, kò sí ìṣó tó ń dípẹtà lára rẹ̀. Ẹ lè gbé e sórí ilẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kó má là. Ó ń sáré ju knot 20 lọ nínú ìgbì tí Thornycroft kò tilẹ̀ ní jáde sí. Kí ló wá burú? Àyè kò sí. Ẹ́ńjìnì ló gba ikùn rẹ̀. Huntsman 28 jẹ́ ilé fún ènìyàn méjì tó fẹ́ràn ara wọn gan-an. Epo rẹ̀ la ti ṣírò lókè. Bí omi òjò bá sì gba etí pákó tí wọn kò fi ọ̀dà dí wọlé, ní pákó ìdí ọkọ̀, ní ihò sìkírúù etí ọkọ̀, ìpele pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ara wọn. Ẹ fi owó fàdákà kan ara rẹ̀ káàkiri. Ibi tó bá dún ṣófo ti ṣí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n gé ìpele kọ̀ọ̀kan ní dídà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi pákó tuntun àti gọ́ọ̀mù epoxy dí i padà. Kì í ṣe gbogbo káfíńtà ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í sì í gba owó kékeré.

Grand Banks onígi, ní kúkúrú

American Marine, iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Hong Kong, ló kan án, wọ́n sì fi igi sílẹ̀ fún fáíbà ní 1973. Mahogany Filipínì àti tíìkì, pẹ̀lú dísù Ford Lehman agbára ẹṣin 120 tí kò mọ̀ ju kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó fẹ̀, ó rọrùn láti gbé inú rẹ̀, onígi rẹ̀ sì máa ń pọ́ọ́kú ju oní-fáíbà lọ dáadáa. Dẹ́ẹ̀kì tíìkì rẹ̀ ní sìkírúù púpọ̀, ihò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀nà tí òjò lè gbà wọlé.

Ìtàn àti ìwé

Laarin ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún àti ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1940, wọ́n kó ọmọ ogun 338,226 kúrò ní Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ ìgbafẹ́ bíi irú èyí sì wà lára àwọn tó lọ. Ọkọ̀ tó bá lọ síbẹ̀ ń gbé owó lérí, ẹgbẹ́ àwọn tó ni wọ́n sì ń padà lọ sí Dunkirk ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọkọ̀ kan lọ, ẹ má wo àkọlé idẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Bákan náà, ẹ wo ìtí ńlá abẹ́ dẹ́ẹ̀kì: bí wọ́n bá ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ rí lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ti gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nọ́ńbà yẹn kì í yí.

Ìwé ìjọba tó ń to àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ń gba ọkọ̀ tó ti pé ọdún 50, tó sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 33 lọ. Huntress àti Huntsman kò gùn tó. Ìwé ti àwọn ọkọ̀ kékeré, tó wà lọ́wọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ojú omi ní Cornwall, ni tiwọn. Wíwà nínú ìwé méjèèjì kì í san owó ọ̀dà.

Ta ni kí ó mú èwo?

Tọkọtaya tó ń gbé ní London, tí wọn kò ní kúrò lórí Thames, kí wọ́n wá Thornycroft tí wọ́n ti fi dísù sí, tí ìṣó rẹ̀ jẹ́ bàbà, tí pákó rẹ̀ jẹ́ awọ kan. Bí awọ rẹ̀ bá jẹ́ méjì, àfi kó gbẹ inú rẹ̀ délẹ̀.

Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní àkókò, tó fẹ́ wakọ̀ lọ sí erékùṣù Skọ́tíláǹdì tàbí kí ó la òkun lọ sí Faransé láì kánjú, Silver ni kí ó rà. Kó fi owó sílẹ̀ fún egungun ìhà.

Ìdílé tó ní ọmọ, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ: Rampart, ṣùgbọ́n èyí tí ẹni tó ni ín ṣáájú ti pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, kí wọ́n sì rí rìsíìtì. Bí àyè bá wù wọ́n ju ẹwà lọ tí owó kò sì pọ̀, Grand Banks.

Fairey wà fún ẹni tó ní owó epo, tó fẹ́ràn eré, tí kò sì fẹ́ sùn sínú ọkọ̀ ju alẹ́ méjì lọ. Ó tún wà fún ẹni tí ń béèrè bóyá òun lè gbé ọkọ̀ onígi lọ sílé. Ọ̀sà Èkó ní kòkòrò tó ń lu igi nínú omi iyọ̀. Ọkọ̀ onípákó tó bá sùn sínú omi níbẹ̀ wà nínú ewu, bí ẹ bá sì gbé e sórí ilẹ̀ lábẹ́ oòrùn yẹn, gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á là láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Huntress ẹsẹ̀ bàtà 23 kò ní ojú ìsopọ̀. Ó lè máa gbé lórí kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò ń fà, lábẹ́ páànù, kí wọ́n máa tì í sómi ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jáde nìkan, kí wọ́n sì fi omi tí kò níyọ̀ fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́.